Ẹni Tí Ń Bá Ìyá Rakia Tọ́ Iyọ̀ Wò

Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà Bantè jáde ní Savalou nígbà náà tí kò mọ ilé oúnjẹ Ìyá Rakia. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bèèrè pátákó. Odó ló ń pe ènìyàn. Bí oòrùn bá ti ń múra láti kan àtàrí, Rakia àti àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn á dúró yí odó ńlá kan ká, ọmọ-odó wọn á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbì, gbì, gbì, láìkan ara wọn. Ẹni tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lókè ọ̀hún á gbọ́, á sì mọ̀ pé iṣu ti jinná.

Àtíbàbà lásán ni ilé oúnjẹ náà: òpó igi, koríko lórí, àga gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn tábìlì tí Rémy káfíńtà kàn, tí ọ̀kan nínú wọn ń mì tí Rémy fúnra rẹ̀ sì máa ń sá fún un. Níwájú ni àdógán wà, lórí rẹ̀ ni ìkòkò ọbẹ̀ ńlá tó ti dúdú bí inú òru, tí ọbẹ̀ inú rẹ̀ sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ní ìkángun àga tó sún mọ́ ìkòkò náà jù lọ ni Eusèbe máa ń jókòó. Ọmọ Bantè ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Savalou, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó mọ orin Mísà lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Yvette, orúkọ ọmọ yìí ni gbogbo ènìyàn sì fi ń pè é: Bàbá Yvette. Ọdún tí ìyàwó rẹ̀, Eulalie, kú, nígbà tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun, ni ó kọ́kọ́ wọ abẹ́ àtíbàbà yẹn. Ohùn ló fà á wọlé. Ó ń kọjá lọ, ó gbọ́ tí obìnrin kan ń fi èdè Ica, èdè ilé wọn gan-an, bá iná wí pé kò jó dáadáa. Ní Savalou tó jẹ́ pé Mahi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, ohùn yẹn dà bí omi tútù létí rẹ̀. Ó yà, ó jókòó.

Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò jẹun. Iyán á wà níwájú rẹ̀ títí á fi gan. Bí ó ti ń ṣe nìyẹn fún ìgbà díẹ̀, títí oṣù ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí fi wọlé. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Rakia, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Salimatou, gbé ṣíbí ìbùbẹ̀ wá síwájú rẹ̀.

“Bàbá Yvette, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ọwọ́. Ẹ bá mi tọ́ ọbẹ̀ yìí wò. Ààwẹ̀ ló wà lẹ́nu mi, n kò mọ̀ bí iyọ̀ tó tàbí kò tó.”

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Obìnrin náà kán ọbẹ̀ díẹ̀ sí i, Eusèbe sì lá a.

“Iyọ̀ kù díẹ̀,” ni ó wí.

Ìyá Rakia fi iyọ̀ kún un, ó tún kán an sí i lọ́wọ́. “Báyìí ńkọ́?”

“Ó tó.”

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ahọ́n Ìyá Rakia. Bí oṣù ààwẹ̀ bá ti dé, kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án, àwọn Kristẹni ni o, àwọn ará oko ni o, àwọn èrò ọkọ̀ ni o, Bàbá Yvette gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà tó bá ní “Ó tó” ni ilé oúnjẹ ṣí. Rémy fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, Ìyá Rakia sì fi ṣíbí lé e sẹ́yìn. “Ìwọ? Ahọ́n tí ọtí sódábì ti bó láwọ̀? Lọ jókòó síbi tábìlì rẹ tó ń mì!” Ọdún mẹ́rìnlá ni Eusèbe fi ṣe é. Ó ní ilé tó ń sùn sí, ó ní ìjọ tó ń kọrin nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà yìí nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é kí wọ́n tó jẹun.

Ààwẹ̀ méjì ló wà ní ìlú náà. Ti àwọn Kátólíìkì, tí wọ́n ń pè ní Karẹ́mù, kì í kúrò ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ti àwọn Mùsùlùmí, òṣùpá ló ń darí rẹ̀, lọ́dọọdún ló sì ń tètè dé ju ti èṣí lọ. Láti ìgbà tí Eusèbe ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ààwẹ̀ méjèèjì kò tíì pàdé rí. Ní ọdún 1957, wọ́n pàdé, Eusèbe kò sì ronú kàn án.

Ohun tó gba ọkàn rẹ̀ lọ́dún náà ni Yvette. Ó ti fẹ́ olùkọ́ kan ní Bantè, Hilaire ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lóyún, ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún sì ti bọ́. Nígbà tí Karẹ́mù kù sí dẹ̀dẹ̀, Hilaire wá sí Savalou, ó fa àna rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ fún un pé Yvette tún ti lóyún, pé agbẹ̀bí ní kó má rìn jìnnà, kó má sì gun ọkọ̀ kankan, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ní Ọjọ́rú Eérú, bí Fada ti ń fi eérú sàmì sí i níwájú orí, Eusèbe jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní: “Olúwa, títí di ọjọ́ Àjíǹde, iyọ̀ kò ní kan ahọ́n mi. Jọ̀wọ́, dá èyí sí. Jẹ́ kí n gbé ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́.”

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìhìnrere kọ́ wa pé ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ kó bọ́jú rẹ̀, kó fi òróró pa orí, kó má fajú ro fún ènìyàn rí. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ pẹ̀lú sì ti kọ́ ọ pé a kì í gbé ọ̀rọ̀ oyún lọ sọ́jà. Ó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó ti ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀ pa.

Nílé oúnjẹ, iṣu sísè àti epo pupa ló ń bèèrè.

“Ọbẹ̀ ńkọ́?” ni Ìyá Rakia bi í lọ́jọ́ kìíní. “Ẹja ńkọ́? Wàrà Fúlàní wà níbẹ̀, ó tutù dáadáa.”

“Karẹ́mù ni, Ìyá Rakia.”

“Ọlọ́run á gbà á o.” Ó gbé iṣu fún un, ó sì gbé ìgò iyọ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eusèbe kò ṣí i. Bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Iṣu láìsí iyọ̀ kì í ṣe oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ ní àjẹyó. Kò pẹ́ tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ju ọrùn rẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ó wà níwájú ilé rẹ̀ tó ń fọ ẹsẹ̀, ó gbọ́ ariwo ayọ̀ láti àdúgbò àwọn Mùsùlùmí. Àwọn ọmọdé ń ké, “Òṣùpá ti lé! Òṣùpá ti lé!” Ó gbójú sókè, ó rí i, tín-ín-rín bí èékánná. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan nínú omi.

“Yéè,” ni ó wí. “Ọbẹ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Rakia dé pẹ̀lú ṣíbí, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó ń ṣe ọdún. “Bàbá Yvette, a tún dé o. Ẹ tẹ́ ọwọ́.”

Eusèbe wo ọbẹ̀ inú ṣíbí. Kí ni yóò sọ? Bí ó bá ní òun kò lè tọ́ ọ wò, obìnrin náà á bi í pé kí ló dé. Bí ó bá ní ẹ̀jẹ́ ni, á bi í pé ẹ̀jẹ́ kí ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì dé nìyẹn, oyún Yvette ti wà lórí tábìlì Rémy. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó pa ètè pọ̀ gírígírí, ó fa òórùn ọbẹ̀ sí imú, ó sì nu ọwọ́ sára ìnujú rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

“Ó tó,” ni ó wí.

Ọjọ́ náà, orí bá a ṣe é, ọbẹ̀ dára. Ó rò pé bóyá Ọlọ́run ti fi ọgbọ́n iyọ̀ sí imú òun. Lọ́jọ́ kejì ó tún ní “Ó tó,” wọ́n bu ọbẹ̀ fún gbogbo ilé, Rémy sì gbé òkèlè kan mì, ó dúró, ó wo inú àwo rẹ̀.

“Ìyá Rakia!” ni ó kígbe. “Ṣé ẹ ti sọ ọbẹ̀ yìí di ọmọ ìjọ ni? Òun náà ń gbààwẹ̀!”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Rakia rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó gbé iyọ̀ kálẹ̀ fún wọn. Nítorí èyí, ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Eusèbe ní “Iyọ̀ kù díẹ̀.” Obìnrin náà bu sí i. Eusèbe tún fa òórùn, ó ní “Ó ṣì kù.” Obìnrin náà wò ó, ó tún bu sí i.

Rémy fi òkèlè kan ẹnu, ó dìde dúró. “Àná, omi odò ni wọ́n fún wa. Lónìí, wọ́n ti gbé òkun Kútọnu wá pátápátá. Ìyá Rakia, lọ́la ńkọ́, kí a mú ọkọ̀ ojú omi wá?”

Ẹ̀rín kò pọ̀ tó ti àná. Awakọ̀ kan ti àwo rẹ̀ síwájú, ó bọ́ síta. Eusèbe tẹ orí ba. Ó ń retí kí Ìyá Rakia yíjú sí òun kó ní, “Ẹni tó tọ́ ọ wò nìyí.” Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

“Ẹ má bínú,” ni ó sọ fún wọn. “Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.”

Eusèbe ti iṣu rẹ̀ síwájú láìjẹ ẹ́ tán.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ní ọjọ́ kan, ọbẹ̀ tẹ́, ní ọjọ́ kejì, iyọ̀ á ha ènìyàn létè. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Rakia ń gbé ṣíbí wá síwájú rẹ̀, lójoojúmọ́ ni ó sì ń gba ẹ̀bi lé ara rẹ̀ lórí. Ilé oúnjẹ kan ti ṣí níbi tí ọkọ̀ ń dúró sí, wọ́n ń ta búrẹ́dì, kọfí àti ìrẹsì níbẹ̀, wọ́n sì tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Àga gbọọrọ abẹ́ àtíbàbà ń ṣófo. Rémy nìkan ni kò lọ. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà á já sí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Razack, awakọ̀ tó ń ná Savalou sí Bantè, wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti kó àpò ìwé tó ń lọ sókè. Ọkọ̀ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní Àgbò, nítorí bí ó ti ń fò lójú ọ̀nà.

“Bàbá Yvette, ẹ ti gbọ́? Ìyá Rakia ti gba iwájú ọkọ̀ mi. Lọ́la ló ń lọ Bantè.”

“Bantè? Láàárín ààwẹ̀? Kí ló fẹ́ lọ ṣe?”

“Mo bi í. Ó ní nǹkan ń bàjẹ́ lójú òun, pé àgbà kì í wo nǹkan títí tó fi bàjẹ́ tán. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì kọjá níbẹ̀ nísinsìnyí, Rakia ti fọ ìkòkò ńlá, ó ti dà á dojú dé.”

Razack gbé àpò, ó jáde. Eusèbe dúró síbẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí ibi tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí. Ó mọ ọ̀rọ̀ Bantè. Soulé, ẹ̀gbọ́n Ìyá Rakia, ti ń ránṣẹ́ sí i láti ọdún pípẹ́ pé kó wá sílé, pé opó tó ti dàgbà kò yẹ kó máa dáná fún àlejò lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá Rakia kì í dá a lóhùn. “Ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá kọ iṣẹ́,” ni ó máa ń wí. Ọjọ́ náà ti dé, Eusèbe ló sì mú un dé. Obìnrin náà gbà gbọ́ pé ọwọ́ òun ti bàjẹ́. Yóò ti ilé oúnjẹ rẹ̀ pa nítorí irọ́ ọmọ ìjọ kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún Ọ̀nà Àgbélébùú. Orin kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ọkàn rẹ̀ sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan bẹ Ọlọ́run fún ọmọ, ó ń fi èkejì pa iná opó. Ọlọ́run wo ni yóò fẹ́ irú ọrẹ yẹn? Àánú ni Olúwa ń bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn kó tó bèèrè ẹbọ. Òun tó ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, báwo ni kò ṣe rántí rẹ̀? Àwọn àgbà ní ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ètè tirẹ̀ ló mé jù. Nígbà tó dìde ní ibùdó ìkẹyìn, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò sọ gbogbo rẹ̀, oyún ni o, ẹ̀jẹ́ ni o, yóò sì fi Yvette lé ọwọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tó máa fi dé ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀, Àgbò ti ń gbọ̀n, èéfín ń jáde nídìí rẹ̀. Àwọn àpò iyọ̀ àti agolo epo òyìnbó kún ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn èrò sì ti jókòó lé wọn lórí. Ìyá Rakia wà níwájú, ó fi ìborí funfun bo orí, ó di ẹrù kékeré mọ́ àyà.

Eusèbe di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. “Ìyá Rakia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀.”

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá Yvette.” Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. “Kí lẹ ń sáré kiri fún? Ẹ padà sílé. Ẹ lọ sinmi.”

“N kò ní sinmi. Ẹ má ti ilé oúnjẹ yín pa. Ọwọ́ yín kò bàjẹ́. Èmi ni mo ba ọbẹ̀ jẹ́, èmi ni.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

Ọwọ́ Eusèbe kúrò lára ilẹ̀kùn.

“Ta ló ní mo fẹ́ ti ilé oúnjẹ mi pa?” ni Ìyá Rakia bi í.

“Wọ́n ní ẹ da ìkòkò dojú dé. Ẹ sì ń lọ bá Soulé ní Bantè.”

“Ṣé kí n fi ìkòkò sílẹ̀ fún ajá ni, nígbà tí n kò sí ńlé lónìí? Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Soulé?” Ó fi orí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn. “Bàbá Yvette, kò yẹ kí n sọ ọ́ fún yín níbí. Ẹ ti rù. Iṣu lásán lẹ̀ ń jẹ, ẹ sì ń fi Karẹ́mù bo ojú mi. Ní alẹ́, tí mo bá ṣínu, ọbẹ̀ yẹn náà ni mò ń jẹ. Mo tọ́ ọ wò, mo mọ̀. Ahọ́n yín ti kú. Bàbá tó bí mi, iyọ̀ ló kọ́kọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Ẹ kò ní ẹnì kankan ńlé. Yvette ni mò ń lọ mú wá kó tọ́jú yín. Razack á gbé àwa méjèèjì bọ̀ ní ọ̀sán yìí.”

“Yvette?” ni Eusèbe wí. “Nínú ọkọ̀ yìí?”

“Nínú ọkọ̀ wo ni ì bá tún wà?”

Eusèbe tún di ilẹ̀kùn mú. Ó rí ọ̀nà Bantè lójú ara rẹ̀, kòtò lẹ́yìn kòtò, ó rí Àgbò tó ń fò, ó rí ọmọ rẹ̀ níwájú ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ wá bá bàbá tí wọ́n ní ó ń kú lọ. Yvette kò ní kọ̀. Bí wọ́n bá ní bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sí agbẹ̀bí tó lè dá a dúró. Ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà, ó fi ẹnu sí etí Ìyá Rakia, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí: oyún méjì tó bọ́, èyí tó wà níkùn nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí, ẹ̀jẹ́ iyọ̀, àtẹ́lẹwọ́ tó ń nù sára ìnujú.

Razack tẹ fèrè ọkọ̀. “Ẹ̀yin àgbà, ṣé ìgbéyàwó lẹ̀ ń sọ ni? Oòrùn ń lọ o!”

Ìyá Rakia gbé ọwọ́ lé orí. “Súbúhánálláhì,” ni ó wí jẹ́ẹ́. Ó tún un wí. “Èmi ni ǹ bá lọ gbé e. Ọwọ́ ara mi ni ǹ bá fi gbé e sókè sínú ọkọ̀ yìí.” Lẹ́yìn náà ó ju ẹrù rẹ̀ sí Eusèbe láyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

“Ẹ ò lọ mọ́?” ni Razack bèèrè.

“Máa lọ, ọmọ mi. Kí o bá mi kí Yvette. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ le bí òkúta, kó má wá síhìn-ín, kó má lọ síbì kankan. Kó jókòó pa!”

“Kí ló ṣe é?”

“Wa ọkọ̀ rẹ!”

Àgbò fò, ó lọ, eruku pupa bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí eruku náà rọlẹ̀, Eusèbe rí i pé Ìyá Rakia ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Òun náà ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹni tó ti rù ú láti Gouka lọ́hùn-ún, ní ìkọjá Bantè, wá.

“Ó yẹ kí n nà yín,” ni Ìyá Rakia wí bí wọ́n ti ń rìn padà. “Mo ń sunkún yín lórí ẹní àdúrà mi. Lálaalẹ́!”

“Ẹ nà mí. Mo tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti mọ̀ pé ahọ́n mi kò dára, kí ló dé tí ẹ ṣì ń gbé ṣíbí wá fún mi? Ẹ ì bá ti wá ẹlòmíràn.”

“Kí n wá ẹlòmíràn níṣojú yín? Kí gbogbo ilé wá mọ̀ pé Bàbá Yvette ti tán? Ọbẹ̀ kan kò tó ìyẹn.” Ó rìn díẹ̀, ó dúró. “Tí mo bá sì fẹ́, èmi náà lè tọ́ ọ wò fúnra mi.”

“Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu?”

“Alùfáà wa, Bachirou, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló kọ́ àwa obìnrin nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ẹni tó bá ń dáná lè fi ọbẹ̀ kan ṣónṣó ahọ́n, kó tu ú dànù, kó fi omi yọ ẹnu. Kò ba nǹkan jẹ́, bí kò bá ṣáà gbé e mì.”

Eusèbe dúró ságbedeméjì ọ̀nà. “Nígbà náà, láti ọdún mẹ́rìnlá...”

“Ẹ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ń wo iyán títí tó fi ń gan. Kí ni kí n sọ fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Kí n ní kó jẹun? Gbogbo ayé ló ti ní kó jẹun. Mo ní kó bá mi tọ́ iyọ̀ wò.” Ó tún ìborí rẹ̀ ṣe. “Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ìkẹta, ó ní kí n bu ọbẹ̀ sí i.”

Eusèbe gbé ẹrù obìnrin náà sí èjìká, ó ń bá a lọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́?” ni ó bèèrè nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé. “Mo ti sọ ọ́ jáde.”

“Ọ̀rọ̀ lẹ fi ẹnu sọ. Iyọ̀ kọ́ lẹ fi kàn án. Ẹ parí ẹ̀jẹ́ yín. Èmi náà á bá yín bẹ Ọlọ́run, inú ààwẹ̀ la jọ wà.”

Ọ̀sán ti ń sún mọ́lé. Rakia la ẹnu sílẹ̀ nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráyè bèèrè nǹkan. Wọ́n ti ní kó dá iná. Ìkòkò ńlá padà sórí àdógán. Odó dún pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lọ́jọ́ náà, ìró rẹ̀ sì lọ jìnnà. Nígbà tí ọbẹ̀ hó, Ìyá Rakia fi orí ìka mú díẹ̀ kan ahọ́n, ó tu ú sí ẹ̀yìn àtíbàbà, ó fi omi yọ ẹnu, ó sì bu iyọ̀ sí i láìbi ẹnikẹ́ni.

Rémy wọlé, ó gbọ́ òórùn, ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà kó lè tètè sá. Wọ́n gbé iyán fún un. Ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀ bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wọ odò tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn, tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, ó sì tẹ̀ síwájú láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń kọjá lọ rí Rémy tó dákẹ́, ẹnu yà wọ́n, wọ́n yà wọlé láti wò ó.

“Rémy, kò sí àríwísí lónìí?” ni Ìyá Rakia bi í.

“Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, Ìyá Rakia. Ẹni tó ti ojú òkun bọ̀ ń jẹun.”

Ní ìkángun àga, Eusèbe ń jẹ iṣu àti epo rẹ̀. Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀, kò dùn, ó sì ń lọ sọ́fun geere. Ó jẹ ẹ́ tán kí ó tó mọ̀. Ó fi àwo han Rakia.

“Fún Bàbá Yvette ní iṣu sí i,” ni Ìyá Rakia ké láti ìdí iná. “Má gbé iyọ̀ fún un o!”

Rémy yíjú. “Iyọ̀ kẹ̀? Kí ni iyọ̀ ṣe fún Bàbá Yvette?”

“Karẹ́mù ni,” ni Ìyá Rakia dá a lóhùn, kó tó di pé Eusèbe lè la ẹnu. “Ìwọ tí o pe ara rẹ ní Kátólíìkì, ààwẹ̀ wo ni ìwọ ń gbà?”

Rémy tẹjú mọ́ àwo rẹ̀, ó ń jẹun lọ.